Gọ́tà Ṣáájú Ìpìlẹ̀

Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ní apá ibi tí ilé tuntun ti ń yọ ní Àkúrẹ́, bíi Ọ̀bà-Ilé tàbí ọ̀nà Ọ̀dà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kó pe katapílà kó wá ro gbogbo igbó kúrò, kí típà sì já iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà. Gọ́tà di ìgbà tí wọ́n bá ń kun ilé lọ́dà. Mo fẹ́ kí ẹ yí ètò yẹn padà pátápátá. Ọjọ́ tí igbó ti kúrò lórí ilẹ̀ ni àgbàrá rẹ̀ ti di ti onílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó bá kó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òjò tó ga ní mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan ni. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 sí 36. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó mìlímítà 50, ó ti da bíi 32,400 lítà sórí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo: táńkà omi onílítà 10,000 mẹ́ta, ó tún ṣẹ́kù. Nígbà tí igbó ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń mu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi òrùlé, kankéré àti ìntalọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ tán, ìdá mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò sáré jáde. Bí òjò yẹn bá ń rọ̀ kíkan kíkan, ní ìwọ̀n mìlímítà 100 ní wákàtí kan, lítà 15 ni yóò máa gba ojú géètì yín jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 yóò kún kí ẹ tó ka ení, èjì.

Òfin ò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú onílé. Òfin ètò ìlú ti 1992 ní kéèyàn gba àṣẹ kó tó kọ́lé, ó sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú lágbára láti dá iṣẹ́ dúró àti láti wó ohun tó tako àṣẹ. Àmì ọ̀dà pupa tí ẹ ń rí lára ògiri nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìlànà jáde ní 2011 lórí àgbàrá àti ilẹ̀ tí omi ń jẹ. Nítorí náà, kí pílánù yín tó dé ọ́fíìsì, ẹ bi ẹni tó yà á ní ìbéèrè mẹ́ta: Ibo ni ilẹ̀ yìí dagẹ̀rẹ́ sí? Gọ́tà wo ni omi rẹ̀ yóò já sí? Báwo ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé yóò ṣe ga tó ju ojú títì lọ? Bí kò bá rí èsì wọn fi hàn yín lórí bébà, ẹ má tíì sanwó tó kù. Bí ilẹ̀ náà bá wà létí odò Àlà tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ìṣàn tó ń wọ inú rẹ̀, ẹ mú awọnlẹ̀ lọ kí ó fi èèkàn sàmì sí ibi tí àṣẹ ní kí ilé dúró sí, kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan.

Láti mọ ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀, rọ́bà funfun tí bíríkìlà fi ń wọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì ti tó. Ẹ bu omi sí i, kí ẹ sì rí i pé kò sí hóró afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, nítorí hóró kan ṣoṣo lè ba gbogbo ìwọ̀n jẹ́. Ẹ ri èèkàn méjì mọ́lẹ̀ kí mítà 10 wà láàárín wọn, ẹ gbé ẹnu rọ́bà kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sàmì síbi tí omi dúró sí. Ẹ wá wọn láti àmì dé ilẹ̀ níbi méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ìdagẹ̀rẹ́ 1 nínú 100 nìyẹn, ó sì dára fún gọ́tà. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ péré, ìdajì omi tí gọ́tà kan náà ì bá gbé ló máa gbé, iyanrìn yóò sì máa sùn sínú rẹ̀.

Ẹ wá gbẹ́ kòtò sí òkè ilẹ̀ náà kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, kó jìn ní 30, kí omi aládùúgbò tó wà lókè lè gba ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ yín kọjá. Ẹ̀gbẹ́ kòtò tó kọjú sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí. Ní igun tó rẹlẹ̀ jù lọ, ẹ gbẹ́ ihò tí ẹrẹ̀ yóò máa rọ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ń lò ni ẹsẹ̀ kúbíìkì 3,600 fún éékà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá mú un wá sórí púlọ́ọ̀tì wa, ihò mítà 4 níbùú, mítà 4 lóròó, tó jìn ní mítà kan nìyẹn. Bí àyè yín ò bá gba tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbẹ́ èyí tó bá gbà, ṣùgbọ́n ẹ kó ẹrẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti dé ìdajì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọgbà yí i ká nítorí àwọn ọmọdé.

Iyanrìn tí típà já sójú gọ́tà ló ń ba àdúgbò jẹ́ jù. Gọ́tà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí omi inú rẹ̀ jìn ní 25, tó sì ní ìdagẹ̀rẹ́ 1 nínú 100, lè gbé bíi lítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí iyanrìn bá wọ inú rẹ̀ títí tó fi ku sẹ̀ǹtímítà 10 péré, bíi lítà 30 ló kù tó lè gbé. Gọ́tà tó yẹ kó sin púlọ́ọ̀tì mẹ́fà ti di ti púlọ́ọ̀tì méjì. Àwọn mẹ́rin tó kù, inú pálọ̀ èèyàn ni omi wọn ń lọ. Ẹ já iyanrìn sínú ọgbà, kó jìnnà sí gọ́tà tó mítà 3, kí ẹ sì fi tàpólì bò ó. Ẹ to àpò tí ẹ rọ iyanrìn sí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Ẹ má rọ ọ́ kún ju ìdajì lọ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí àpò tó kún fọ́fọ́ máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín. Oòrùn á mú kí àwọn àpò náà gbó láàárín oṣù mélòó kan, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò.

Ojú géètì tún kọ́. Àwọn kan máa ń dí gọ́tà ìjọba pẹ̀lú kankéré, wọ́n á wá ri páìpù oníńǹṣì 4 kan sábẹ́ rẹ̀. Bíi lítà 6 ni páìpù yẹn lè gbé, nígbà tí gọ́tà tó ń bọ̀ wá bá a ń gbé 100! Ẹ jẹ́ kí gọ́tà gba abẹ́ géètì kọjá ní fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi pákó kankéré tó nírin nínú bò ó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 50, kó nípọn ní 10. Èèyàn méjì lè gbé e kúrò láti kó ẹrẹ̀.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Fẹ́ǹsì ni àgbàrá sì ń bẹ̀rẹ̀ sí wó. Omi tó bá ga ní mítà kan lẹ́yìn fẹ́ǹsì ń fi agbára tó tó kílò 500 ti mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá. Ẹ fi páìpù oníńǹṣì 3 tàbí 4 sí ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì ní mítà méjì-méjì, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí yẹ̀pẹ̀ má baà dí i.

Ẹ má darí omi òrùlé sínú sókàwéè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láé. Òrùlé tó jẹ́ mítà 15 níbùú, mítà 10 lóròó, ń gba lítà 7,500 nínú òjò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìdọ̀tí ni yóò sì tì jáde. Bí ẹ bá fẹ́ ihò omi òjò lọ́tọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò kékeré kan, ẹ bu omi kún un. Àpáta ò jìnnà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Àkúrẹ́. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ yẹn ò lè mu ún.

Níbi tí kò bá sí gọ́tà ìjọba rárá, ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù ni kó jọ fa okùn kan láti ilé tó wà lókè dé ibi tí omi yóò já sí, kí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Gọ́tà tí wọ́n bá ti òkè bẹ̀rẹ̀ á kó omi gbogbo àdúgbò jọ wá sójú kan, ibi tí kankéré bá parí sí ni omi yóò sì ti máa gbẹ́ ilẹ̀.