Olórí Ilé Tí Kò Nílé

Bọ̀dá kan ní London fẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìdílé rẹ̀ ti wà ní Shoreditch tipẹ́tipẹ́. Lọ́jọ́ tó rí orúkọ ìyá ńlá ìyàwó rẹ̀ nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1861, ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi fọ́n ọn ká orí WhatsApp. Àdírẹ́sì: Kingsland Road. Ipò nínú ilé: Head, ìyẹn olórí ilé. Ó wá àwòrán ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí ilé bíríkì gígùn kan tó yí ọgbà ká ní apá mẹ́ta, tí ère ọkùnrin kan dúró lókè ẹnu ọ̀nà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, "Ilé wa rèé o." Àǹtí rẹ̀ kan ní Ìbàdàn fèsì lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n tètè lọ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà gbọ́.

Ilé àánú ni ilé ọ̀hún, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní almshouse: olówó kan á fi owó sílẹ̀ kó tó kú, wọ́n á fi kọ́lé fún arúgbó tí kò lówó lọ́wọ́. Sir Robert Geffrye ni olówó ti Kingsland Road. Oníṣòwò ni, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Ironmongers, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irin, ó sì jẹ Lord Mayor ìlú London ní 1685. Owó tó fi sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ́ ilé 14 síbẹ̀ ní 1714. Yàrá 4 ló wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, olùgbé kan sì ló ni yàrá kan. Gbogbo ìjọba olórí ilé wa yìí kò ju bẹ́ẹ̀dì kan àti ibi ìdáná kan lọ. Láti 1914 ni wọ́n ti sọ ibẹ̀ di mùsíọ́ọ̀mù, Museum of the Home lorúkọ rẹ̀ lónìí. Apá kan owó Geffrye wá láti inú òwò ẹrú, nítorí náà, tí ẹnì kan bá máa bá ilé yẹn ṣẹjọ́ nínú tọkọtaya yìí, ọkọ ni, kì í ṣe ìyàwó.

Báwo wá ni opó tó ń gbé yàrá àánú ṣe di Head? Ilé ńlá bíi workhouse, ibi tí wọ́n ti ń fún tálákà ní oúnjẹ àti iṣẹ́, máa ń ní ìwé ìkànìyàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Orúkọ ọ̀gá ilé ló máa ń ṣíwájú, àwọn yòókù á wá jẹ́ inmate, ìyẹn olùgbé ibẹ̀. Ní ilé àánú kékeré, yàrá kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń gba fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kálukú á sì di olórí ara rẹ̀. Òpó tí wọ́n kọ iṣẹ́ sí ni kí ẹ wò kí ẹ tó pe ẹbí jọ. Bí ẹ bá rí almswoman, almsman (obìnrin tàbí ọkùnrin tó ń gbé ilé àánú) tàbí pensioner (ẹni tí wọ́n ń fún lówó ìtọ́jú) níbẹ̀, ẹ rọra. Bí òpó náà bá ṣófo, ẹ ka àwọn aládùúgbò lókè àti nísàlẹ̀. Tí olórí ilé bá tò léra wọn lọ rẹrẹ, tó jẹ́ pé opó ni gbogbo wọn, tí wọ́n ti lé ní 60 ọdún, tí kò sì sí ariwo ọmọdé níbì kankan, ilé àánú lẹ wà yẹn. Àwòrán ojú ìwé gan-an ni kí ẹ kà o, ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń da ìwé ọwọ́ àtijọ́ kọ lè sọ almsman di salesman, kí baba ẹni 80 ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ọjà títà.

Bọ̀dá wa gbà pé ilé àánú ni, ó ní òun á wá ibi tí mámà ń gbé kó tó débẹ̀. Ẹni ọdún 72 ni mámà ní 1861. Ó ṣírò, ó ní 52 ló yẹ kó jẹ́ ní 1841. Ó rí i lóòótọ́, orúkọ kan náà, àdúgbò kan náà, ṣùgbọ́n 50 ni wọ́n kọ. Ó ní irọ́ ni, kì í ṣe òun. Òun mà ni! Ní 1841, wọ́n ní kí àwọn akànìyàn fa ọjọ́ orí ẹni tó bá ti kọjá 15 wálẹ̀ sí iye tí 5 lè pín: ẹni 52 á di 50, ẹni 54 náà á di 50. Ìwé ọdún náà kò sọ ìlú tí wọ́n bí èèyàn sí, kò ju bóyá inú county (ìpínlẹ̀) yẹn ni tàbí ibòmíràn lọ, kò sì sọ ohun tí ará ilé kan jẹ́ sí èkejì. Láti 1851 ni wọ́n ti ń kọ ìyẹn. Bọ̀dá wa ju mámà gidi nù, ó gbá orúkọjọrúkọ rẹ̀ kan mú ní Bethnal Green, ẹlẹ́ja, nítorí pé ọjọ́ orí tirẹ̀ bára mu rẹ́gí ní 1851. Ó fi owó ra ìwé ẹ̀rí ikú ẹlẹ́ja. Àwọn ọmọ bọ̀dá wa ti dárò òkú olókùú tán kí àṣìṣe ọ̀hún tó hàn.

Ìwé ikú dára lóòótọ́, bó bá jẹ́ ti ẹni tí à ń wá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 1837 ni ìjọba ti ń kọ ikú sílẹ̀ ní England àti Wales, ibi tí èèyàn kú sí sì wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ wo atọ́ka ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ orí olóògbé wà níbẹ̀. Ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì náà wúlò: láti 1813 ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ní àyè fún ibùgbé òkú, "Almshouse" sì lè wà níbẹ̀ gbàgà. Ìwé ogún ni kí ẹ má fọkàn sí púpọ̀. Àkójọ ti gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1858 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí wọ́n ń fún lówó oúnjẹ fẹ́ pín?

Ẹ ṣọ́ra fún Hospital náà. Èyí tí bíṣọ́ọ̀bù àgbà Whitgift dá sílẹ̀ ní Croydon ń jẹ́ Hospital of the Holy Trinity, ti Lord Leycester ní Warwick, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1571, ń jẹ́ Hospital, ilé àánú ni wọ́n dá méjèèjì sílẹ̀ fún, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ẹ má lọ máa bi wọ́n léèrè àìsàn tó ṣe bàbá ńlá yín.

Níbi tó dé yìí, ìwé ilé àánú fúnra rẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n á tẹ orúkọ arúgbó sínú Discovery, àtòjọ National Archives ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á ní ìwé ti jóná. Orúkọ ilé tàbí ti ẹni tó dá a sílẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Ìwé ilé àánú àdúgbò sábà máa ń wà ní ilé àkójọ ìwé county. Ti àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò City of London, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà ní Guildhall Library. Ẹ béèrè ìwé ìpàdé, ìwé owó, àti lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ nígbà tí yàrá bá ṣófo. Ilé tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ lè fi opó ọmọ ẹgbẹ́ ṣíwájú, nítorí náà, ẹ wá fírídọ́ọ̀mù ọkọ rẹ̀, bí àwọn télọ̀ wa ṣe ń pè é gan-an: ìwé iṣẹ́ kíkọ́ máa ń dárúkọ bàbá ọmọ iṣẹ́ àti ìlú tó ti wá. Èèyàn lè ti ibẹ̀ bọ́ sí ìran méjì sẹ́yìn láì tíì jẹun ọ̀sán.

Ìlà kan tún wà lábẹ́ orúkọ mámà ní 1861 tí bọ̀dá wa kò kà, ayọ̀ ilé ló gbà á lọ́kàn. Obìnrin ẹni ọdún 38, orúkọ ìdílé rẹ̀ yàtọ̀, Visitor, ìyẹn àlejò, Hoxton ni wọ́n bí i sí. Gbogbo ẹni tó bá sùn nínú ilé lóru ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ, òfin ilé àánú kì í sì í fẹ́ kí arúgbó gba ẹbí sínú yàrá, bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àlejò ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọmọ mámà tó ti relé ọkọ ni, òun gan-an sì ni ìran ìyàwó rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ ọkọ rẹ̀ yẹn ni kí wọ́n máa tọ̀ lọ sí 1871. Ẹsẹ̀ kò jìnnà láti Hoxton dé Kingsland Road rárá. Àlejò tí wọ́n bí sí ìtòsí báyìí, tó tún sùn mọ́jú nínú yàrá kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ alẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.