Ẹnu Ìbọn No. 5 Tí Mo Ń Fi Igi Gbẹ́

Nínú gbogbo ohun tí mo ń gbẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Leeds, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó ẹnu ìbọn Lee-Enfield No. 5, ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Jungle Carbine.

Ọdún 1944 ni ilé iṣẹ́ aṣèbọn BSA ní Shirley àti ti ìjọba ní Fazakerley, ní England, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́, nítorí ogun inú igbó ní Éṣíà. No. 4 tó ṣáájú rẹ̀ gùn, ó sì wúwo. Wọ́n gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú, wọ́n dín irin àti igi ara rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ọta .303 kan náà ló ń yìn. Bí ọ̀pá bá ti kúrú, ẹ̀tù kì í jó tán nínú rẹ̀; ìyókù á bú jáde ní iná. Lóru, iná yẹn á ṣú ẹni tó yìn ín lójú, á sì fi ibi tó lúgọ sí han ọ̀tá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi irin tó rí bí àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò sí i lẹ́nu.

Ẹ̀rọ léètì ni mo fi ń yí àrọ náà, igi beech ni mo sì ń lò. Ibẹ̀ kò le. Abẹ́ rẹ̀ níbi tí bẹ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, ń há sí, ọwọ́ nìkan ló lè gbẹ́ ẹ dáadáa. Tí ọ̀dà dúdú bá gbẹ, mo máa ń fi ẹ̀bu lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù pa á títí igi á fi máa dán bí irin. Mi ò lu inú rẹ̀ já. Orí pẹpẹ ni mo ṣe é fún.

Bàbá ìyá mi jagun ní Bọ́mà pẹ̀lú 82nd West African Division, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. No. 5 pẹ́ kó tó dé. Malaya, tó wà nínú Malaysia òde òní, ló ti ṣiṣẹ́ jù, lẹ́yìn 1948. Síbẹ̀, tí mo bá rántí pé orí ni àwọn ará wa fi ń ru ẹrù la igbó kọjá, mo mọ ohun tí ìbọn tó fúyẹ́ ì bá jẹ́ fún wọn. Àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn gan-an ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. Mo máa ń kun àmì yẹn sára ìdí gbogbo èyí tí mo bá gbẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta ló ni èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ó bẹ̀ mí kí n gbẹ́ odidi ìbọn, mo kọ̀. Ohun tó bá jọ ìbọn lè kó èèyàn sí wàhálà ọlọ́pàá, níbí àti nílé.