Ewé gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó jọ, ìgbẹ́ adìẹ ò ní wọ́n yín

Ní Èkìtì wa níbí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ilẹ̀dú, ìyẹn ajílẹ̀ tó wá láti inú ewé àti ìgbẹ́ tó jẹrà pọ̀, tó ní òun ò rí ìgbẹ́ adìẹ, kò tíì wá a ni. Ẹ lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin, ẹ ní ẹ fẹ́ bá a kó ìgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, àdúrà ni yóò máa ṣe fún yín. Ewé gbígbẹ ló máa ń wọ́n, àwa fúnra wa la sì ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Bí ọyẹ́ bá dé, máńgòrò àti tíìkì á wọ́wé, a ó gbá a jọ láàárọ̀, a ó ṣáná sí i. Nígbà tó bá wá di oṣù Kẹfà, tí òjò ò jẹ́ kí nǹkan kan gbẹ mọ́, kí la fẹ́ pò mọ́ ìgbẹ́ adìẹ?

Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tó wúlò jù tí ọgbà kékeré tí mo ń dá n'Ìkẹ́rẹ́ kọ́ mi. Láti oṣù Kejìlá ni mo ti ń kó ewé sínú àpò ìrẹsì, tí mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́nú, tí mò ń tò ó síbi tí òjò ò lè dé. Àwọn ará ilé fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú wọn.

Ìgbẹ́ adìẹ le. Náítírójìn inú rẹ̀, oúnjẹ tó ń mú ewé irúgbìn dàgbà, ju ti ìgbẹ́ màlúù lọ dáadáa. Ẹ dà á sídìí ata ní tútù, ẹ ó rí i tí ewé á máa jó láti etí wọnú. Ẹ kó o jọ lásán, á máa rùn dé ilé kejì. Amóníà, afẹ́fẹ́ tó ní náítírójìn nínú, ni òórùn tó ń ta lójú yẹn, náítírójìn tẹ́ ẹ torí ẹ̀ kó o wálé ló ń fò lọ. Ewé gbígbẹ ló ń dì í mú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọ́ di ilẹ̀dú nílò kábọ́ọ̀nù, oúnjẹ tó ń fún wọn lágbára, tó nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 fún ìwọ̀n náítírójìn 1, inú ewé ni kábọ́ọ̀nù náà wà. Apẹ̀rẹ̀ ewé 3 sí apẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ tútù 1 ni mo máa ń wọ̀n. Bó bá jẹ́ ti adìẹ orí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ èérún pákó sábẹ́ rẹ̀ ni, mo máa ń dín ewé kù, torí pákó yẹn náà ti ń ṣiṣẹ́ ewé.

Ẹ fi àdá gé ewé máńgòrò àti tíìkì wẹ́wẹ́, wọ́n le, wọn kì í tètè jẹrà. Koríko olódòdó pupa rúsúrúsú tó máa ń bo ẹ̀bá títì bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ dára gan-an, ẹ ṣáà gé e kó tó so. Gbòǹgbò eèkan ńkọ́? Ẹ sá a sóòrùn kó kú pátápátá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń gbìn ín ni. Ní ti èèpo iṣu, ewúrẹ́ ló ni tiwa, mi ò lè bá a jà.

Àwọn àgbà á ní kẹ́ ẹ da eérú sí i. Mi ò kí í bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n eérú lórí ìgbẹ́ tútù, amóníà ló ń lé jáde. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń da tèmi sí.

Òkìtì ewé àti ìgbẹ́ tẹ́ ẹ pò pọ̀ náà kò gbọdọ̀ kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ìbú, ní òró àti ní gíga, kó lè gbóná. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un: kí omi yọ láàárín ìka, kó má kán. Ẹ ti ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fà á yọ tí ọwọ́ ò lè gbà á, iṣẹ́ ń lọ. Bó bá ti ń tutù, ẹ fi ṣọ́bìrì yí i, kí ti ẹ̀yìn bọ́ sí àárín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá là á, èéfín á rú, ẹ sì lè rí nǹkan funfun kan tó dà bí eérú ní inú lọ́hùn-ún. Kò jóná. Òkìtì yín ti gbóná, ó sì ń gbẹ ni, ẹ bomi sí i. Ooru tó bá tó ìwọ̀n 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń pa èso koríko àti kòkòrò àrùn.

Ẹ má kánjú nítorí tẹ̀tẹ̀. Ìlànà oko aláìlo-kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà ní kí ọjọ́ 120 kọjá láàárín ìgbà tí wọ́n da ìgbẹ́ tútù sílẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n kórè ohun tó ń fara kan ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tí à ń já láàárín oṣù kan, níbo ló ti fẹ́ rí ọjọ́ 120? Èyí tó ti jinná nìkan ni kẹ́ ẹ lò fún un: tó ti dúdú, tí kò gbóná mọ́, tí kò rùn ju ilẹ̀ abẹ́ igbó lọ. Tèmi máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Fún ata, ẹ̀kúnwọ́ 2 sí kòtò kan, kẹ́ ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ́ ọ. Fún ẹ̀fọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ fi ọkọ́ rò ó wọlẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi tapólì bò ó, kí òjò má fọ oje rẹ̀ lọ sínú gọ́tà.