Itọ́ eégbọn

Mo fa eégbọn kan yọ lábẹ́ ọmú màlúù ní gàá Alhaji lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ojú ibẹ̀ sì kọ̀, kò dá. Ó ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gún ti ha màlúù yẹn kan náà lára láàárọ̀, egbò ẹ̀gún ti gbẹ, ó ti di èépá.

"Dókítà, ṣé ẹ̀jẹ̀ kan náà kọ́ ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, Alhaji. Itọ́ eégbọn ló wà nínú eléyìí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ kọ nípa itọ́ yẹn.

Nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, bíi tiwa, àwọn ẹ́ńsáìmù kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa gé purotéènì. Wọ́n ń jí ara wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: ọ̀kan á gé èkejì, èkejì á jí, òun náà á gé ẹ̀kẹta, títí á fi kan thrombin. Thrombin ló ń gé purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fibrinogen, tí ìyẹn á di okùn tín-ín-rín tó ń hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n, tí ẹ̀jẹ̀ á sì dì. Eégbọn tí yóò lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lára màlúù kan ṣoṣo kò lè gbà kí àwọ̀n yẹn hun. Ó ń pọ itọ́ sínú egbò, purotéènì tó ń dí àwọn ẹ́ńsáìmù náà lẹ́nu sì wà nínú itọ́ ọ̀hún. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wọ ikùn rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ dì, àbí báwo ló ṣe fẹ́ mu ún tó tí yóò fi yé ẹyin tó lé ní 2000?

Nínú àwọn purotéènì adí-ẹ́ńsáìmù-lẹ́nu yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní boophilin ni mo fẹ́ràn jù. Ní 2008 ni wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ jáde níbi tó ti di thrombin màlúù mú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wọ ẹnu thrombin lọ, apá kejì sì jókòó síbi tí fibrinogen ì bá dúró sí. Síbẹ̀ ojú kan ṣì kù lára rẹ̀ tó lè mú trypsin, ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń gé purotéènì, lẹ́ẹ̀kan náà! Mo wo àwòrán yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn serpin, ẹ̀yà mìíràn nínú àwọn adí-ẹ́ńsáìmù-lẹ́nu itọ́ náà, ní ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù gé wọn, bó bá ti gé wọn tán, wọ́n á fà á títí á fi bàjẹ́, àwọn méjèèjì á jọ ṣòfò.

Mo gbé díẹ̀ nínú eégbọn Alhaji relé nínú ìgò sípíríìtì. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ìlà eyín mẹ́rin-mẹ́rin ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹnu rẹ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta ni ti ìbátan rẹ̀ tó ti wà ní Áfíríkà tipẹ́. Irú eégbọn tí wọ́n ń pè ní microplus ni, èyí tó ti Éṣíà wá, tó sì ti dé orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá. Ó dùn mí gan-an. Òun ló ń gbé Babesia, kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀jẹ̀, kiri, tí màlúù á máa tọ̀ pupa, kì í sì í pẹ́ tí oògùn tí wọ́n ń fín kò fi ní ràn án mọ́.

"Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ tí a lè gún wọn?" ni Alhaji wí.

Mo sọ fún un pé ó wà. Kúbà ní Gavac, Ọsirélíà náà sì ti ní TickGARD rí, èyí tó jáde ní 1994. Purotéènì ara ìfun eégbọn, Bm86, ni wọ́n fi ṣe méjèèjì: màlúù á kọ́ láti bá a jà, eégbọn á mu ìjà náà mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ní Bràsíl, wọ́n ti gún màlúù ní irú purotéènì adí-ẹ́ńsáìmù-lẹ́nu yìí náà, eégbọn ara wọn sì dín kù. Mo gbà gbọ́ pé ọ̀nà yẹn ló yẹ ká náwó sí, ju kí á máa fi kún oògùn fínfín.

Alhaji ní kí n kọ orúkọ àwọn abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ fún òun. Mo kọ wọ́n sẹ́yìn káàdì, mo padà lọ fi òwú tẹ ojú egbò náà. Ó gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí ẹ̀jẹ̀ tó dá.