Ìbọn tó ń ka ooru

Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́jà ní kí n bá àwọn wá tẹ̀mómítà oníbọn, èyí tí wọ́n máa ń nà sí nǹkan láìfọwọ́ kàn án. Irú tí wọ́n fi ń wo iwájú orí èèyàn nígbà Kòrónà ni ọmọ ọlọ́jà kọ́kọ́ gbé jáde. Mo ní, "Àbúrò, irin la fẹ́ wò o, kì í ṣe ibà." Ìyẹn kì í kà ju nǹkan bíi 43°C lọ. Ó gbé èyí tí wọ́n kọ 50:1 sí lára wá, owó rẹ̀ ga jù. 12:1 la mú: tẹ́ ẹ bá dúró ní ínṣì 12, ojú ibi tó fẹ̀ tó ínṣì 1 ló ń kà. Iná pupa yẹn kàn ń júwe ibẹ̀ ni o, òun kọ́ ló ń wọn ooru.

Lánàá, a fi tírélà wọ́ ọkọ̀ náà kúrò ní Kàbà, níbi tí wọ́n ti bá wa jó irin rẹ̀ pọ̀. A yà ní Ọbájànà, láàárín àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì. Irin tó ń dán máa ń tan ẹ̀rọ yìí, á kà á kéré, nítorí náà mo lẹ téèpù dúdú mọ́ họ́ọ̀bù tírélà méjèèjì, ìyẹn irin àárín táyà tí bẹ́árìn wà nínú rẹ̀. Ọ̀tún, 41°C. Òsì, 68°C! Bẹ́árìn ti ń lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní tá a bá ti dé odò Ọya, ká kàn ti tírélà náà sómi, họ́ọ̀bù á tutù. Háà! Tí họ́ọ̀bù gbígbóná bá já sómi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé bá gíríìsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá mẹkáníìkì lọ ná."