Iná Ẹyín Méjì

Sátidé. Òjò rọ̀ láti àárọ̀, ó dá díẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo bá jáde lọ ra àgbàdo sísun ní oríta. Ìyá tó ń tà á ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná èédú. Bí òórùn iná yẹn ṣe wọ imú mi ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan sọ sí mi lọ́kàn.

Màámi ta àgbàdo sísun rí. Ìkóríta tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n ń jókòó sí. Mo wà ní JS 2 nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì yà síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo ojú mi, ó wo ojú Màámi, ó ní, "Ṣé màmá ẹ nìyí ni?" Mo ní rárá o, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Màámi gbọ́. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n yí àgbàdo wọn padà lórí iná, wọ́n ta fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n tún fún wọn ní èènì.

Mi ò lè wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ará ilé kejì ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo máa fi wọlé, wọ́n ti bu oúnjẹ mi dé. "Lọ fọwọ́, kóo wá jẹun." Wọn ò sọ nǹkan kan lé e, títí di òní. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

Mo ṣí Jòhánù 21 lálẹ́ yìí. Bíbélì àtijọ́, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, sọ pé nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn gúnlẹ̀, wọ́n rí iná ẹyín, ìyẹn iná èédú, ẹja lórí rẹ̀, àti àkàrà, bí wọ́n ṣe ń pe búrẹ́dì nínú Bíbélì yẹn. (Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àkàrà ẹ̀wà ni mo gbà pé Jésù dín fún wọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí ìyẹn.) Mo ṣí i padà sí orí 18. Iná ẹyín náà ni wọ́n dá ní àgbàlá olórí àlùfáà, níbi tí Pétérù ti ń yáná tó sì sẹ́ Olúwa rẹ̀. Nínú Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì, ibi méjì yìí péré ni ọ̀rọ̀ iná ẹyín yẹn ti jẹ yọ.

Òórùn kan náà ló tún wọ imú Pétérù létíkun, Jésù fúnra rẹ̀ ló sì dáná ọ̀hún. "Ẹ wá jẹun." Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹun ọwọ́ ẹni tí à ń bá jà, bí a bá ti jọ tọwọ́ bọ àwo kan, ìjà tán nìyẹn. Pétérù jẹun tán kí Jésù tó bi í léèrè. Kò sì ní "kí ló dé tóo fi sẹ́ mi?" "Ìwọ fẹ́ràn mi bí?" ló ní, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta dun Pétérù, Jòhánù ò fi pa mọ́. Bó sì ṣe ń dáhùn ni Olúwa ń fi àgùntàn lé e lọ́wọ́. Ta ló ń fa agbo ẹran lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dalẹ̀ lọ́wọ́?

Èyí tó ká mi lára jù ni pé Pétérù bẹ́ sómi. Ọkọ̀ ò ju nǹkan bí 200 ìgbọ̀nwọ́ sí èbúté, síbẹ̀ kò lè dúró kó gúnlẹ̀. Èmi ń sá fún ìyá mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń ṣe sí Ọlọ́run: bí mo bá ti ṣẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ní gbàdúrà, bíi pé ó yẹ kí ìtìjú kọ́kọ́ gbẹ lára mi kí n tó yọjú. Oúnjẹ á sì ti wà ní bíbò tipẹ́.

Ohun tó kù láàárín èmi àti Màámi ni irú ìbéèrè tí Jésù bi Pétérù yẹn. Wọ́n fún mi lóúnjẹ, ṣùgbọ́n a ò sọ ọ́ rí.

Mo pè wọ́n ní aago mẹ́sàn-án. Mo ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n foríjì mí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ta lo rò pé mo tìtorí ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ní èènì?"