Túùbù afẹ́fẹ́: ìrì ló ń da gíráàfù rú

Mo ń ṣe túùbù gíláàsì tín-ín-rín kan tí mo dí nísàlẹ̀, tí ẹ̀kán òróró sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀, kí n lè fi gíráàfù hàn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ̀ tí omi tó yí i ká bá ń gbóná. Ẹ̀kán òróró ti jókòó, rúlà àti tẹmọ́mítà ti wà lára túùbù. Ìyẹn ti bọ́ sẹ́yìn.

Wàhálà tó kù ni pé afẹ́fẹ́ abẹ́ òróró ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 20°C, mílímítà 100 ló gùn. Bí omi bá gbóná dé 60°C, tí 293 K di 333 K (K ni kélífíìnì, ìwọ̀n ìgbóná tí òdo rẹ̀ wà ní -273°C), ó yẹ kó wà níbi 114, torí ẹnu túùbù ṣí sílẹ̀, ìfúnpá kò yí padà. Lálẹ́ àná, 131 ni mo bá a! Ìlà tó yẹ kó nà gbọọrọ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Tí mo bá fi rúlà so àmì àkọ́kọ́ mọ́ ti ìkẹyìn, tí mo fà á lọ sísàlẹ̀, -109°C ni afẹ́fẹ́ ti máa tán, dípò -273. Ta ni mo fẹ́ fi ìyẹn hàn?

Ihò túùbù ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àwọn tó ń tà á kì í sọ bóyá ihò náà dọ́gba látòkè délẹ̀, torí náà mo máa ń ti ẹ̀kán òróró kan gba inú rẹ̀ kọjá, kí n máa wọn gígùn ẹ̀kán náà bó ṣe ń lọ. Eléyìí dọ́gba.

Ìgbà tí túùbù ń tutù lọ́wọ́ ni mo rí olè: ìrì wínníwínní lára gíláàsì, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí mo fi iná dí. Iná gáàsì fúnra rẹ̀ ń tú oru omi jáde. Ní 60°C, oru omi lè ru tó ìdá kan nínú márùn-ún ìfúnpá afẹ́fẹ́ ayé, a jẹ́ pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ló ń ti òróró sókè. Gay-Lussac, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé tó tẹ òfin bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ̀ tó bá ń gbóná jáde ní 1802, ti sọ pé omi inú ohun èlò ló da iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rú.

Mo fẹ́ yan túùbù náà gbẹ, kí n tún fi iná dí i. Rárá o, iná kọ́. Gúlù oníméjì tí a ń pò pọ̀ ni màá lò, lẹ́yìn tí túùbù bá ti sùn mọ́ àwọn hóró agbomi inú páálí bàtà. Omi yìnyín ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, kí ìlà lè gùn díẹ̀ sí i.